Iná Iwájú Ọkọ̀ Tí Kò Tàn: Níbo Ni Iná Mànàmáná Ti Dúró?

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé inú ìwé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni a ti fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iná ọkọ̀. Oríkì, òwe, ìtàn àròsọ àti gírámà ni ojú wa ti mọ́ nínú irú ìwé báyìí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé kò sí ìmọ̀ tí èdè wa kò lè gbé, ó yẹ kí a máa dán an wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kókó tí mo mú yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń wọ ọkọ̀ lóru láti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, tàbí láti Èkó lọ sí Àkúrẹ́, lójú ọ̀nà tí kò ní ìmọ́lẹ̀ mìíràn ju èyí tí ọkọ̀ bá gbé wá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ewu tí ó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Èyí já sí pé iná òsì ni ó wà níhà àárín títì, òun ni ó sún mọ́ ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá pàdé wa. Bí iná òsì bá kú, tí tọ̀tún sì ń tàn, ẹni tí ń bọ̀ yóò rí iná kan ṣoṣo létí títì lọ́hùn-ún. Yóò rò pé alùpùpù ni, yóò sì gbà pé àyè wà láàárín. Nínú àyè tí ó rò pé ó ṣófo yẹn gan-an ni ìdajì ọkọ̀ wa wà. Nítorí náà, awakọ̀ tí ó ń wí pé, “Ọ̀kan ṣáà ń tàn, mo ń ríran,” ti gbàgbé ìdajì iṣẹ́ iná iwájú. Kì í ṣe kí awakọ̀ lè ríran nìkan ni a ṣe fi í sí ọkọ̀. A fi í síbẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí i, kí ó sì mọ bí ọkọ̀ náà ti fẹ̀ tó.

Kí a tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ méjì wà tí a ní láti là yé ara wa. Èkíní ni iná. Iná ni a fi ń sebẹ̀, iná ni à ń pe ìmọ́lẹ̀, iná náà ni à ń pe ohun tí ń sáré nínú wáyà. Nílé, èyí kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ní ṣọ́ọ̀bù réwáyà, ó máa ń dá èdè-àìyedè sílẹ̀. Réwáyà á ní, “Ọ̀gá, iná wà níbẹ̀,” oní-mọ́tò á sì dá a lóhùn pé, “Iná wo? Ṣebí òkùnkùn ni mò ń wò yìí!” Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Nínú àròkọ yìí, iná mànàmáná ni n ó máa pe ohun tí ń sáré nínú wáyà, ìmọ́lẹ̀ ni n ó máa pe ohun tí ojú ń rí, iná iwájú sì ni àtùpà ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni áàtì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a yá ni, ẹlòmíràn sì lè fẹ́ kí a yí i padà sí “ilẹ̀” nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí táyà rọ́bà mẹ́rin ni ọkọ̀ dúró. Kò sí wáyà tí ó so ó mọ́ ilẹ̀. Ohun tí réwáyà ń pè ní áàtì ni irin ara ọkọ̀, èyí tí a fi wáyà nípọn kan so mọ́ orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Ọmọ-iṣẹ́ tí a bá sọ “ilẹ̀” fún yóò bẹ̀rẹ̀ sí wo abẹ́ ọkọ̀. Áàtì ti di ọmọ ilé ní ṣọ́ọ̀bù bí tábìlì àti búrẹ́dì ṣe di ọmọ ilé lọ́dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí iná mànàmáná ń gbà nìyí. Ó kúrò ní orí pósítíìfù bátìrì, ó gba inú fíùsì ńlá kan, ó dé ọ̀dọ̀ súwíìsì àti rílè. Láti ibẹ̀ ó gba inú fíùsì kékeré, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan fún iná ọ̀tún, ọ̀kan fún iná òsì. Ó tọ wáyà lọ dé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó wà lẹ́yìn àtùpà, ó sì wọ inú gílóòbù. Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú gílóòbù tí a ká bí ìgbín. Òwú ni n ó máa pè é. Bí iná mànàmáná ti ń la òwú yìí kọjá, òwú náà ń gbóná títí yóò fi funfun, ìyẹn sì ni ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí. Lẹ́yìn èyí ó jáde sínú wáyà áàtì, ó dé irin ara ọkọ̀, ó sì padà sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì.

Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn láti fi omi ẹ̀rọ ṣe àpèjúwe ọ̀rọ̀ yìí, àpèjúwe náà sì dára dé ààyè kan. Ibi tí ó ti já kulẹ̀ ni pé omi tí ó bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè bóyá yóò padà sínú táńkì. Iná mànàmáná kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀nà padà sílé, kò ní jáde rárá. Àìmọ èyí ni ó ń mú kí ènìyàn ra gílóòbù mẹ́ta lé ara wọn fún àtùpà tí ó jẹ́ pé áàtì rẹ̀ ni ó já.

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ: kí a má ṣe pààrọ̀ nǹkan kan títí a ó fi mọ ibi tí iná mànàmáná ti dúró. Ẹni tí ń pààrọ̀ nǹkan ní ìrètí pé bóyá èyí ni, ń ta tẹ́tẹ́ ni. Wíwá ibi tí ó ti dúró sì ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó sọ̀kalẹ̀ lórí àga awakọ̀. Ṣé iná méjèèjì ni kò tàn ni, àbí ọ̀kan? Ṣé dímù ni kò tàn ni, àbí fúlù, àbí méjèèjì? Ṣé àwọn iná kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tàn? Ṣé fèrè ń dún? Bí fèrè kò bá dún, tí iná inú ọkọ̀ pẹ̀lú sì wò bí ojú aláìsàn, ọ̀rọ̀ bátìrì tàbí ti orí bátìrì ni, kò kan àtùpà. Bí méjèèjì bá kọ̀ láti tàn ní dímù ṣùgbọ́n tí wọ́n ń tàn ní fúlù, ojú ni a ó kọ́kọ́ kọ sí ohun tí wọ́n jọ ń lò fún dímù: súwíìsì, rílè tàbí fíùsì rẹ̀. Síbẹ̀ kí a má gbàgbé pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n sábà máa ń fi gílóòbù méjèèjì sí ọkọ̀, wọ́n sì lè kú tẹ̀ lé ara wọn láìsí ẹni tí ó kíyè sí ikú ti àkọ́kọ́.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kò tàn, iṣẹ́ ti kéré. Ìdí ni pé ẹ̀gbẹ́ kejì tí ń tàn ti jẹ́rìí fún wa pé bátìrì, súwíìsì àti rílè kò ní ẹ̀bi. Ohun tí ó kù ni fíùsì ẹ̀gbẹ́ náà, wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì, gílóòbù àti áàtì rẹ̀. Nínú àwọn wọ̀nyí, gílóòbù ni ó ń kú jù. Ọ̀nà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò ni kí a gbé gílóòbù ọ̀tún sí òsì, kí a sì gbé ti òsì sí ọ̀tún. Bí òkùnkùn bá bá gílóòbù lọ, gílóòbù ni ó kú. Bí òkùnkùn bá dúró síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, kí a fi gílóòbù sílẹ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ sí tọ wáyà. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju kí a máa gbé gílóòbù sókè síhà oòrùn lọ, nítorí pé òwú lè já ní ìdí níbi tí ojú kò lè tó o.

Ẹni tí yóò bá fọwọ́ kan gílóòbù halogen, irú èyí tí à ń pè ní H4 tàbí H7, kí ó di irin ìdí rẹ̀ mú, kí ó má ṣe fọwọ́ kan gíláàsì. Òróró ọwọ́ wa tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn yóò mú kí ojú ibẹ̀ gbóná ju ibi tó kù lọ, gílóòbù náà kò sì ní pẹ́. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, kí a fi aṣọ mímọ́ àti sípírítì nù ún nígbà tí ó bá tutù.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbà pé gílóòbù wà láàyè, síbẹ̀ kò tàn. Ibí yìí ni tẹ́sítà ti wúlò, bẹ́ẹ̀ sì ni ibí yìí ni ó ti ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Tẹ́sítà ni ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí gílóòbù kékeré wà nínú rẹ̀, tí wáyà kan sì jáde láti ìdí rẹ̀. A ó so wáyà yìí mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, a ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́yìn gílóòbù, a ó tan súwíìsì, a ó sì fi ẹnu tẹ́sítà kan àwọn irin inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù H4 ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúlù, ẹ̀kẹta fún áàtì tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Bí a bá rí iná mànàmáná ní ojú dímù, a ó mú wáyà tẹ́sítà kúrò lórí bátìrì, a ó sì so ó mọ́ irin áàtì inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Bí tẹ́sítà bá tàn nígbà àkọ́kọ́ tí kò sì tàn nígbà kejì, áàtì ti já. Ẹ wá bóòtù tí a fi dè é mọ́ ara ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà. Ìpẹtà ni ẹ óò sábà bá níbẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Ẹ fi yanrìn pépà ha á títí irin yóò fi dán, kí ẹ tún un dè.

Àmì kan wà tí ó ń fi áàtì hàn láìlo tẹ́sítà rárá. Bí a bá tan dímù, tí àtùpà kan ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí iná fìtílà, tí iná búlúù tí ó jẹ́ ti fúlù sì tún ń tàn fírífírí lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, áàtì ẹ̀gbẹ́ náà ni kí a mú. Iná mànàmáná ti la òwú dímù kọjá, ó dé ìdí gílóòbù, ó bá ilẹ̀kùn áàtì ní títì. Ó wá yà sínú òwú fúlù, ó gba wáyà fúlù padà sẹ́yìn, ó ń wá ilé onílé gbà kọjá. Ọ̀kan nínú ilé onílé bẹ́ẹ̀ ni iná búlúù inú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Mo ní tẹ́sítà ń tan ènìyàn jẹ. Báwo? Gílóòbù tí ó jẹ́ wáàtì 55 lórí bátìrì fọ́ltì 12 ń gba nǹkan bí áńpíà mẹ́rin àbọ̀. Gílóòbù kékeré inú tẹ́sítà kò gba tó ìdajì áńpíà. Wá wo wáyà tí ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́nrán nínú, tí ìpẹtà ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán àfi fọ́nrán kan ṣoṣo. Fọ́nrán kan yìí tó láti bọ́ tẹ́sítà yó. Kò lè bọ́ iná iwájú. Réwáyà á fi tẹ́sítà kàn án, yóò tàn, yóò sì búra pé wáyà dára. Míítà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba nǹkan kan rárá: yóò ka fọ́ltì 12 gééré lójú wáyà tí ó ti kú tán.

Nítorí náà, ìgbà tí ẹrù wà lórí ni a ń wọn agbára. Kí a dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn gílóòbù, kí a tan iná, kí a wá fi míítà wọn ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ibi méjì tí ó yẹ kí wọ́n dọ́gba. Ẹnu kan lórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ẹnu kejì lára irin áàtì láti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì: bí ó bá ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́wàá fọ́ltì lọ, áàtì ń jẹ nínú oúnjẹ gílóòbù. Lẹ́yìn náà, ẹnu kan lórí pósítíìfù bátìrì, ẹnu kejì lára irin dímù: bí ó bá ju ìdajì fọ́ltì lọ, olè wà lójú ọ̀nà àlọ. A ó wá máa sún ẹnu kejì yìí padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, láti sọ́kẹ́ẹ̀tì dé fíùsì, láti fíùsì dé rílè. Ibi tí òǹkà bá ti já wálẹ̀ lójijì, ibẹ̀ ni olè náà wà.

Kí a má ṣe fojú tín-ín-rín olè yìí nítorí pé fọ́ltì kan péré ni ó ń jí. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù olówùú kì í dín kù ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fọ́ltì. Bí fọ́ltì bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín. Ìdí nìyí tí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan fi ní iná tí ó “ń tàn” ṣùgbọ́n tí awakọ̀ kò rí kòtò títí táyà fi wọ inú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn kéré bẹ́ẹ̀ kì í wá olè. Gílóòbù tí ó lágbára jù ni wọn yóò lọ rà, wáàtì 90 tàbí 100. Irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ń gba áńpíà méje àbọ̀ sókè gba inú wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ṣe fún márùn-ún. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ike sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò di pupa rúsúrúsú, yóò yọ́, irin inú rẹ̀ yóò dẹ̀, àtùpà yóò sì kú pátápátá. Bí ẹ bá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ sì gbóòórùn ike jíjóná, ẹ pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ sì dá gílóòbù padà sí ìwọ̀n rẹ̀.

Ti fíùsì kò gùn. Fíùsì ni a fi rúbọ kí wáyà má baà jóná, àwọ̀ rẹ̀ sì ni ó ń sọ agbára rẹ̀: nínú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ tí ó wọ́pọ̀, pupa jẹ́ áńpíà 10, búlúù 15, yẹ́lò 20, aláwọ̀ ewé 30. Èyí tí ó bá jó, irú rẹ̀ gan-an ni kí a fi rọ́pò rẹ̀. Bí èyí náà bá tún jó lójú ẹsẹ̀, wáyà kan ti bó tí ó sì ń kan irin ara ọkọ̀. Eku pàápàá máa ń jẹ wáyà nínú ọkọ̀ tí ó pẹ́ níbùdó. Ẹni tí ó bá fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíùsì ti yọ ẹbọ kúrò, wáyà ni yóò jó, bóyá ọkọ̀ pẹ̀lú.

Rílè ń ṣe “ká” bí a bá tan súwíìsì. Dídún rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó dára. Ojú ẹsẹ̀ méjì ni ó ń dún, 85 àti 86. Iná mànàmáná tí ń lọ sí àtùpà ń gba ojú 30 àti 87, ojú wọ̀nyí sì lè ti jó dúdú. Bí rílè fèrè bá jẹ́ irú kan náà, tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bá a mu, kí a fi í dán an wò.

Mo ní láti kìlọ̀ ohun méjì. Nínú àwọn ọkọ̀ Toyota àtijọ́ kan, a kì í fi súwíìsì gé ọ̀nà àlọ. Ọ̀nà àbọ̀ ni à ń gé. Iná mànàmáná ti wà lójú irin àjùmọ̀lò sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, áàtì ni súwíìsì ń fún dímù tàbí fúlù. Ẹni tí kò mọ èyí yóò máa rò pé aráyé ni ó so wáyà rẹ̀ kọ́. Èkejì ni àtùpà xenon. Agbára tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀ ju 20,000 fọ́ltì lọ, ó sì lè pa ènìyàn lára gidigidi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má fi tẹ́sítà wá a rárá. Ọ̀pọ̀ àtùpà LED pẹ̀lú ni kọ̀ǹpútà ń darí, a kò sì lè tú wọn. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni kí a gbé wọn lọ bá.

Lẹ́yìn tí iná bá tàn, iṣẹ́ ku díẹ̀. Kí a gbé ọkọ̀ dúró níwájú ògiri lálẹ́, lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 25, kí a tan dímù, kí a sì wo ìlà òkè ìmọ́lẹ̀ méjèèjì. Awo irin kékeré kan wà lábẹ́ òwú dímù nínú gílóòbù H4 tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lọ sókè sí ojú ẹni tí ń bọ̀. Bí gílóòbù kò bá jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀, awo yìí kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìlà ẹ̀gbẹ́ tí a tún ṣe bá ga ju tí ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, kí a tú gílóòbù náà, kí a wá ojú ihò mẹ́ta tí ó bá etí irin rẹ̀ mu, kí a sì tún un fi sí i.